Ojú Ọ̀rá Ni Ọjà Fi Ń Sọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Lẹ́tà, Àwọ̀ àti Àwòrán Ara Ọjà Oúnjẹ

Ẹ̀kọ́ ojú ewé òwò wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fojú kéré, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ wa: bí a ṣe ń kọ nǹkan sí ara oúnjẹ tí a ń tà.

Kò sí àní-àní pé oúnjẹ wa dùn. Àwọn ìyá wà láàárín wa tí wọ́n ń din ṣinṣín, tí wọ́n ń lọ yàjì súyà, tí wọ́n ń se ata díndín sínú ike. Àwọn mìíràn ń gba èlùbọ́ àti gàrí láti ilé, wọ́n sì ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké. Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde ìnáwó, lórí fóònù, wọ́n sì ń gbé e fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Moss Side, Longsight àti Cheetham Hill. Ṣùgbọ́n tí ọjà náà bá dé orí pẹpẹ, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ará Íńdíà, ará Pólàńdì àti ará Jàmáíkà, ọwọ́ oníbàárà á fò ó kọjá. Nígbà mìíràn, wolé-wolé káńsù ló máa dé, tó máa ní kí onísọ́ọ̀bù kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nítorí pé ohun tó yẹ kó wà lára ọ̀rá kò pé. Owó ọjà lọ, owó ọ̀rá lọ, onísọ́ọ̀bù kò sì ní fẹ́ gba òmíràn mọ́.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí a ṣe rí ọjà ni a ṣe ń gbà á lálejò. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹsẹẹsẹ.

1. IṢẸ́ YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN SÍ WA

Kí ọ̀rá tó dé, ewé ni àwọn ìyá wa fi ń di oúnjẹ. Ewé eéran àti ewé gbòdògì ni a mọ̀ mọ́ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ẹni tó ti ń ra ẹ̀kọ fún ìgbà pípẹ́ máa ń mọ ẹni tó dì í láti ara bó ṣe pọ́n ọn àti bó ṣe ṣẹ́ etí ewé náà. Ìdì yẹn ni orúkọ olówò. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ pé ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Nígbà tí agolo àti páálí wọlé, àwọn tí kò kàwé rárá ń ra ọjà láì ṣìnà. Agolo pupa ni wọ́n fi mọ ẹja Geisha. Ìlà dúdú àti funfun ni ọmọ kékeré fi mọ Tom Tom. Pupa àti àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi mọ Maggi. Ní Ọ̀fà, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan mú orúkọ ọ̀kín, ẹyẹ tí Yorùbá kà sí ọba ẹyẹ, ó di Okin Biscuits. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé lórí ohun tí orúkọ yẹn ń sọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú máa ń mọ àwọ̀ àti ìrísí ọjà kó tó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń yí àwọ̀ ọ̀rá rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà, bó ṣe rí ọ̀rá rà lọ́jà, ń lé oníbàárà ara rẹ̀ sẹ́yìn ni.

2. OHUN TÍ ÌLÚ TÍ À Ń GBÉ YÌÍ LÈ KỌ́ WA

Manchester kì í ṣe ìlú bọ́ọ̀lù nìkan. Ní 1908, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Noel Nichols po ohun mímu kan láti ara èso, ewé àti egbò ní Granby Row, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Piccadilly. Vim Tonic ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1912, wọ́n gé orúkọ náà kúrú, ó di Vimto. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Orúkọ tó ní lẹ́tà márùn-ún lè tóbi lójú ìgò débi pé èèyàn á kà á láti òdìkejì títì. Orúkọ gígùn á fún ara rẹ̀ pọ̀, lẹ́tà á sì kéré. Láti 1992 ni ère ìgò Vimto onígi ńlá kan ti wà ní Granby Row. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó.

Ní Trafford Park, Kellogg's ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1938. Kì í ṣe lẹ́tà lásán ni wọ́n fi kọ orúkọ yẹn, àwòṣe ìbuwọ́lùwé Will Keith Kellogg fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn aláfarawé pọ̀, ìbuwọ́lùwé yẹn ni wọ́n ní kí oníbàárà fi mọ ojúlówó. Ilé iṣẹ́ náà kéde ní 2024 pé àwọn máa ti ọgbà Trafford Park, ṣùgbọ́n lẹ́tà pupa yẹn ṣì wà lójú gbogbo èèyàn.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní December 1844, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Rochdale, nítòsí wa níbí, ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn nítorí pé àwọn olówò ìgbà náà ń lú oúnjẹ: wọ́n ń da álọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n ń fi omi lú wàrà. Ìyẹ̀fun tí kò lábùlà àti òṣùwọ̀n tó péye ni wọ́n ṣèlérí. Ní 1863, àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ para pọ̀ dá ilé iṣẹ́ alátapọ̀ sílẹ̀ ní Manchester, èyí tó di Co-op tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Orúkọ tó wà lára àpò ìyẹ̀fun wọn di ẹ̀rí pé ohun tí a kọ síta ló wà nínú. Òfin tí a máa sọ nísàlẹ̀, inú ìwà àbùlà yẹn ló ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe pé wọ́n fi ń ni àlejò lára.

3. LẸ́TÀ: BÁWO NI KÓ ṢE RÍ?

Ẹ rántí pé oníbàárà kì í dúró ka ọ̀rá bí ẹni ń ka ìwé. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà lọ, ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni iwájú ọ̀rá gbọ́dọ̀ sọ fún un kíákíá: kí ni èyí, ta ló ṣe é, báwo ló ṣe pọ̀ tó.

Ìkíní, ẹ to lẹ́tà bí a ṣe ń to àgbà ní òde. Ọba á jókòó sí ipò ọba, ìjòyè á tẹ̀lé e, ọmọdé á jókòó sẹ́yìn. Tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá tóbi bákan náà, kò sí èyí tí ojú máa kọ́kọ́ mú. Orúkọ oúnjẹ tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ ni kó tóbi jù. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ má fi ọba méjì sórí ìtẹ́ kan.

Ìkejì, ẹ má lo ju irú lẹ́tà méjì lọ lára ọjà kan. Kọ̀ǹpútà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ànkárá márùn-ún pọ̀, wèrè ni wọ́n máa pè é.

Ìkẹta, ẹ má fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ gbólóhùn gígùn. Ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà kékeré kọ ní òkè àti ìsàlẹ̀ tí ojú fi ń dá a mọ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ lẹ́tà ńlá, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri. Orúkọ kúkúrú lè jẹ́ lẹ́tà ńlá, ìlànà sísè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ má fa lẹ́tà gùn tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó lè kún àyè. Tí kò bá gba àyè, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù.

Ìkarùn-ún, kí àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ gidigidi. Dúdú lórí funfun dára, funfun lórí búlúù tó ṣókùnkùn dára. Lẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè lórí funfun á pòórá. Pupa lórí àwọ̀ ewé náà léwu, nítorí pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 ni ojú rẹ̀ kì í ya àwọn àwọ̀ méjèèjì yẹn sọ́tọ̀ dáadáa. Ọ̀rá tí inú rẹ̀ hàn síta tún ní wàhálà tirẹ̀: lẹ́tà dúdú tí a tẹ̀ sí i á hàn tí gàrí bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí èlùbọ́ bá wà níbẹ̀, kò ní hàn mọ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àwọ̀ funfun sẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

4. ÀMÌ ORÍ ÀTI ÀMÌ ÌSÀLẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí lára ọ̀rá: EKO. Ṣé ẹ̀kọ tí à ń fi ọbẹ̀ jẹ ni, àbí ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́, àbí ìlú Èkó? Ẹ tún wo EWA. Ṣé ẹ̀wà ni, àbí ẹwà obìnrin? OBE ló wá burú jù. Yorùbá lè rò ó sí ọbẹ̀ tàbí ọ̀bẹ. Òyìnbó tó bá rí i lára ìgò, oyè tí ọba wọn fi ń dá èèyàn lọ́lá ló máa kọ́kọ́ rò.

Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, àti ìpàdé lórí ìkọ̀wé Yorùbá tó wáyé ní Èkó ní 1875, ni àwọn baba wa ti ń ṣe wàhálà kí àmì wọ̀nyí lè dúró. Kí ló dé tí a fi máa fi wọ́n sílẹ̀ lára ọjà tiwa? Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ń ka ara agolo àti páálí kí wọ́n tó ka ìwé. Tí ÈLÙBỌ́ bá wà lójú ọ̀rá pẹ̀lú àmì rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan láì lọ sí kíláàsì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà ló lè gbé àmì wa. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ẹ́ àti ọ̀, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti kó lẹ́tà àti àmì jọ fúnra rẹ̀. Tí irú lẹ́tà tí ẹ yàn kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jáde dípò lẹ́tà. Gentium, Charis SIL àti Noto Sans mọ iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ẹ fi ránṣẹ́ bíi PDF tí irú lẹ́tà náà ti wà nínú rẹ̀, tàbí kí ayàwòrán yín sọ àwọn lẹ́tà náà di àwòrán kó tó fi lọ. Ẹ sì ṣàlàyé fún atẹ̀wé pé àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọn kan ti rí i rí tí ẹni tó ń tún iṣẹ́ ṣe pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pátá, tó rò pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Lórí ọ̀rá, tádàwà máa ń ràn díẹ̀, àmì kéékèèké á sì di pọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tóbi níwájú, níbi tí àmì rẹ̀ á ti hàn.

5. ÀWỌ̀ ÀTI ÀWÒRÁN

Àwọ̀ tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe èyí tó máa jáde lórí ìwé. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, tádàwà ni atẹ̀wé fi ń ṣe tirẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yanran lójú fóònù lè jáde bí ewé tó ti rọ. Ẹ bèèrè fún àpẹẹrẹ títẹ̀ kan ṣoṣo kí ẹ tó sanwó ẹgbẹ̀rún.

Àwòrán gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Ilé iṣẹ́ tíì kan ní Jámánì, Teekanne, ya èso rásíbẹ́rì àti òdòdó fànílà sára páálí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì nínú tíì náà. Èròjà inú rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀ lára páálí náà láì purọ́. Síbẹ̀, ní June 2015, ilé ẹjọ́ gíga àjọ Yúróòpù sọ pé àkọsílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lè má tó láti tún irọ́ tí àwòrán iwájú pa ṣe. Nítorí náà, tí kò bá sí edé nínú ata yín, ẹ má ya edé sí i. Tí ẹ bá ya àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ẹran sára ọ̀rá èlùbọ́, ẹ kọ “Serving suggestion” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹran wà nínú ọ̀rá.

Àwọ̀ oúnjẹ fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí epo pupa wọn pọ́n ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, wọ́n bá da aró tí wọ́n ń pè ní Sudan sí i. Ní 2005, àjọ Yúróòpù fi epo pupa kún àwọn ọjà tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò nítorí aró náà, nítorí pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìgò tó dára kò lè gba irú epo bẹ́ẹ̀ là.

6. OHUN TÍ ÒFIN SỌ NÍPA ÌWỌ̀N LẸ́TÀ

Láti December 2014 ni òfin ti dá ìwọ̀n tí lẹ́tà ara oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ kéré sí. Ẹ mú rúlà, ẹ wọn gíga lẹ́tà x kékeré. Kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 1.2. Tí ojú tó fẹ̀ jù lára ọ̀rá tàbí ìgò náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 80 ní ìlọ́po méjì, ìyẹn bí 8 lọ́nà 10, mìlímítà 0.9 ni kò gbọ́dọ̀ dín sí.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń pe lẹ́tà kì í ṣe gíga lẹ́tà x. Arial 7 tó mìlímítà 1.2, ṣùgbọ́n Times New Roman 7 kò tó o, nítorí pé lẹ́tà kékeré rẹ̀ kúrú. Ó di 8 kó tó yege. Ìwọ̀n tí òfin fọwọ́ sí yẹn gan-an kéré lójú àgbàlagbà. RNIB, ẹgbẹ́ tó ń ṣojú àwọn tí ojú ń dùn, dá a lábàá pé kí ìwé tí gbogbo èèyàn máa kà jẹ́ 12 ó kéré tán. Tí àyè bá wà, ẹ má há lẹ́tà.

Nọ́ńbà ìwọ̀n ọjà náà ní gíga tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin 2006 ṣe là á sílẹ̀:
- Gíráàmù 50 sísàlẹ̀: mìlímítà 2.
- Ju gíráàmù 50 lọ dé 200: mìlímítà 3.
- Ju gíráàmù 200 lọ dé 1000: mìlímítà 4.
- Ju gíráàmù 1000 lọ: mìlímítà 6.

Orúkọ oúnjẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú ti máa rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láì yí ọ̀rá padà. Gbogbo ohun tí òfin béèrè gbọ́dọ̀ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè fi Yorùbá kún un, ẹ kò lè fi Yorùbá rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọjà láti ilé dára, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ni ìyẹn tẹ̀ lé. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń ta ọjà náà tàbí tó kó o wọlé sí Ìlú Ọba níbí ṣì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ tún mọ ìyàtọ̀ ọjọ́ méjì yìí. “Use by” wà fún oúnjẹ tó lè tètè bàjẹ́ kó sì ṣe èèyàn ní jàǹbá, bí ọbẹ̀ tútù àti ẹja. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á lẹ́yìn ọjọ́ náà. “Best before” wà fún oúnjẹ gbígbẹ bíi gàrí àti èlùbọ́, adùn rẹ̀ ló ń sọ.

7. IBI TÍ LẸ́TÀ TI LÈ GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Ní July 2016, ọmọbìnrin ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, jẹ búrẹ́dì tí wọ́n rà ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Sẹ́sámì, tí àwa mọ̀ sí yànmọ̀tí, wà nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, ara rẹ̀ kì í sì í gbà á. Kò sí ohun tó fi hàn lára ọ̀rá rẹ̀, nítorí pé òfin ìgbà náà kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe oúnjẹ tó sì dì í nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ọmọ náà kú. Òfin Natasha bẹ̀rẹ̀ ní October 1, 2021: oúnjẹ tí a dì síbi tí a ti ń tà á náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti gbogbo èròjà rẹ̀ lára.

Ohun 14 ni òfin dárúkọ pé ó gbọ́dọ̀ hàn yàtọ̀ láàárín àwọn èròjà: ọkà tó ní gúlúténì bí àlìkámà, ẹyin, wàrà, ẹja, edé àti alákàn, ìgbín àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹ̀pà, èso bíi kaṣú àti álímọ́ńdì, yànmọ̀tí, sóyà, sẹ́lẹ́rì, mọ́sítáàdì, lúpìnì, àti kẹ́míkà sọ́fáìtì tó bá ti ju ìwọ̀n kan lọ.

Ẹ fi oúnjẹ wa wé e. Ẹ̀pà wà nínú yàjì àti kúlíkúlí. Àlìkámà, wàrà àti ẹyin wà nínú ṣinṣín. Edé wà nínú ọ̀pọ̀ ata díndín. Sóyà ni àwọn kan fi ń ṣe irú báyìí. Máagí náà ní èròjà tirẹ̀, tí ẹ gbọ́dọ̀ kà láti ara páálí rẹ̀ kí ẹ sì kọ wọ́n sínú tiyín. Ẹ̀gúsí kò sí nínú 14 náà, ṣùgbọ́n tí ọlọ tí ẹ fi lọ̀ ọ́ bá ti lọ ẹ̀pà, ẹ sọ ọ́.

Ẹ wá wo bí lẹ́tà ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, “Ingredients: ground PEANUTS, ginger, chilli, onion powder, salt”, ojú á kan ẹ̀pà lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, “INGREDIENTS: GROUND PEANUTS, GINGER, CHILLI, ONION POWDER, SALT”, ẹ̀pà ti sá pamọ́ sáàárín èrò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, lẹ́tà ló yàtọ̀. Èkejì yẹn kò bá òfin mu, ó sì lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ni kó ṣáájú, kí èyí tó kéré jù gbẹ̀yìn.

8. ẸNI TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN

Tí ẹ bá ń se oúnjẹ nílé tí ẹ ń tà á déédéé, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù ó kéré tán ọjọ́ 28 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá ń dì í nílé tí ẹ ń gbé e fún ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, gbogbo àkọsílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pé lára rẹ̀. Tí ẹ bá ń tà á lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó sanwó. Àwọn olówò kéékèèké kan lè bọ́ lọ́wọ́ tábìlì agbára oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ ohun 14 wọ̀nyẹn. Ẹ bi wolé-wolé káńsù yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáhùn, ó sì sàn kí ẹ lọ bá a ju kó wá bá yín lọ.

9. ÀPẸẸRẸ: Ọ̀RÁ ÈLÙBỌ́ KAN

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rá èlùbọ́ iṣu oní-gíráàmù 500.

Iwájú: orúkọ ilé iṣẹ́ yín lókè, ní ìwọ̀nba. ÈLÙBỌ́ IṢU ní àárín, òun ni ọba. Lábẹ́ rẹ̀, “Yam flour” ní lẹ́tà tó hàn kedere, kì í ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Nísàlẹ̀, 500g, nọ́ńbà rẹ̀ kò dín sí mìlímítà 4. Àwòrán àmàlà kan ṣoṣo tó mọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí ojú lè mí.

Ẹ̀yìn: nítorí pé iṣu nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ọ́, kò di dandan kí ẹ to èròjà. Ẹ kọ bí a ṣe ń rò ó ní ìlà mẹ́rin, nítorí aya tàbí ọkọ Òyìnbó àti àwọn ọmọ wa tí kò ro àmàlà rí. Ẹ kọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ “Best before”, ìlú tó ti wá, orúkọ àti àdírẹ́sì yín.

Bákóòdù: tí ṣọ́ọ̀bù bá béèrè fún un, GS1 UK ló ń fúnni ní nọ́ńbà. Kí ìlà rẹ̀ dúdú lórí funfun. Ẹ má ṣe é ní pupa, nítorí ìmọ́lẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń kà á, ìlà pupa kò sì ní hàn sí i. Ìwọ̀n rẹ̀ gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 37 lọ́nà 26. Ẹ lè dín in kù dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kò gbọ́dọ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì fi àyè òfìfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

10. IṢẸ́ ṢÍṢE: KÍ Ẹ TÓ SANWÓ FÚN ATẸ̀WÉ

a. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lásán ní ìwọ̀n rẹ̀ gangan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá, ẹ gbé e sáàárín ọjà mìíràn, ẹ rìn sẹ́yìn mítà méjì. Kí ni ẹ kọ́kọ́ rí?

b. Ẹ gbé e fún màmá àgbà kan tí kò wọ awò. Ṣé ó lè ka orúkọ rẹ̀?

d. Ẹ gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ ní kó wá ohun tó lè ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà ní jàǹbá. Tó bá pẹ́ kó tó rí i, ẹ tún un ṣe.

e. Ẹ fi ọwọ́ olóróró pa á, ẹ fi í sínú fíríìsà mọ́jú. Ṣé lẹ́tà kò parẹ́? Ṣé sítíkà kò ṣí?

ẹ. Ẹ fi rúlà wọn lẹ́tà x àti nọ́ńbà ìwọ̀n.

f. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tó mọ̀wé ka àmì Yorùbá rẹ̀, nítorí ẹgbẹ̀rún ọ̀rá tí àṣìṣe bá wà lára rẹ̀ kò ṣe é fi ẹnu tún ṣe.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ọ̀rá tí ọjà wọ̀ sì ni akéde tó ń polówó rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin ti sùn. Ìyá tó ti ń lọ ata fún ogún ọdún kò yẹ kó máa pàdánù oníbàárà nítorí sítíkà. Ẹ pe àwọn ọmọ yín tó mọ kọ̀ǹpútà, ẹ jọ jókòó ti tábìlì, ẹ jọ ṣe é. Ẹ̀yin ní oúnjẹ àti orúkọ rẹ̀, àwọn ní ọwọ́ ẹ̀rọ.

Ọjà á tà o, àwìn ò ní pọ̀ jù. Ire o.